Ọwọ́ Ẹ̀wù

Ọjọ́ Ẹtì ni Dobrawa kanlẹ̀kùn mi,
àpò ńlá méjì léjìká, yìnyín ń yọ́ sílẹ̀ lára bàtà rẹ̀.
"Ìyá Genowefa, ẹ bá mi wọ ẹ̀wù kan."
Mo ní, ṣé àwọn ọmọge pẹlẹbẹ ti tán nílùú ni,
àwọn tí ń rìn bí ẹni tí ebi ń pa tí inú sì ń bí?
Ó ní òun ò lówó wọn.
Ó tún ní, wọn ò sì mọ ilé iṣẹ́ náà.

Èmi mọ̀ ọ́n.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ ẹ̀rọ ìrànwú níbẹ̀ lóru;
etí mi òsì ni mo fi san owó ìwọlé.
Łódź: ọkọ̀ ojú omi ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀,
omi ọ̀hún ni ẹnikẹ́ni kò rí.
Wọ́n ti ri odò mọ́ abẹ́ títì kí wọ́n tó bí mi.
Ìyá mi a máa sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé,
odò ló ń sọ ohun tí ọlọ́rọ̀ yóò wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀:
lónìí ó dú bí aró,
lọ́la ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran.
Lọ́dún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa,
aṣọ ìnura mẹ́fà ni wọ́n fún wa dípò owó oṣù.
Ìkẹfà ni mo ṣì fi ń nu ojú.

Dobrawa tú àpò. Ẹ wá wo kóòtù!
Ogójì kóòtù àkọ̀sílẹ̀ ló tú palẹ̀,
ó fi aṣọ inú wọn ṣe ìta,
ojú rírán hàn gbangba bí àpá iṣẹ́ abẹ.
Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní aṣọ kọ́ lèyí, àríyànjiyàn ni.
Níbi tí orúkọ ilé ìtajà ti máa ń jókòó lọ́rùn,
ó lẹ àkísà funfun kan mọ́ ọn, kò kọ nǹkan kan sí i.
Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ rán an, bóyá ní Dáka,
bóyá níbòmíràn,
òun ò mọ orúkọ rẹ̀, òun ò sì ní purọ́ mọ́ ọn.
Mo dákẹ́.
Gbogbo ẹ̀wù ló lọ́wọ́.
Ta ló béèrè ọwọ́ tó rán an rí?

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,
kò lè ní àkísà bí àgbà.
Òótọ́ ni. Ọmọ yìí ṣáà wá yá tiwa lò.

Alẹ́ ọjọ́ náà, a pé mọ́kànlá nínú yàrá ìpaláró àtijọ́,
arúgbó obìnrin mẹ́wàá, àti Zdzisław
tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ń tiro.
Kò sí orin. Ó ní ká jẹ́ kí bàtà wa sọ̀rọ̀.
Mo rìn dé ìdí òpó kẹta,
ìṣó kan tó ti wà níbẹ̀ láti ayé ìgbà tí mo ní eyín
dì mí lápá mú.
Fàáàà!
Ọwọ́ ẹ̀wù òsì ya látèjìká dé ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ̀rọ ayàwòrán ń kọ mànà.
Dobrawa sáré jáde, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, òwú lọ́wọ́,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́.
Mo ní, mú un wá.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún mi ń ké,
mo fi òwú pupa rán an, gánrangànran,
kò sẹ́ni tó dìde títí mo fi gé òwú náà pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá.

Oníṣòwò kan láti Bẹ̀líìnì wá bá wa lẹ́yìn náà.
Ó ní òun fẹ́ igba irú rẹ̀,
kí ibi yíya náà sì rí bákan náà lára gbogbo wọn.
Dobrawa wò mí.
Mo ní kó lọ bá ìṣó sọ ọ́.