Bàtà Mọ́tò Baba Mi

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kàbà, lábẹ́ igi kajú,
ni mo ti fi jáàkì gbé ìdí Pijó Baba.
Mo fi òkúta há táyà iwájú méjèèjì.

Dúróòmù kọ̀, kò ṣí.
Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sínú òjò.
Mo fi òòlù lù ú yíká, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn àgbàlagbà tó ń sùn.

“Má fẹnu fẹ́ ẹ o!”
Métìbóbà ló kígbe, ó gbé omi agolo dé.
“Ekuru inú ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n gòkè láìsinmi mọ́.”

Bàtà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Tẹ̀yìn ṣì nípọn.
Tiwájú ti jẹ dé irin,
bíi gìgísẹ̀ bàtà tí Baba ń wọ̀ lọ sílé ìwé.
Ibi tó yẹ kí sípíríìngì wà,
wáyà kẹ̀kẹ́ ni mo bá,
ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Orí wáyà yìí ni gbogbo wa jókòó lé
nígbà tí a bá ń ti Ìsánlú bọ̀,
tí ìyá mi ń jẹ ẹ̀pà.
Baba á tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mejì, á súfèé.
Mo rò pé ayọ̀ ni.

Mo wọ bàtà tuntun fún un.
Métìbóbà ń tẹ, mo ń tú, títí òróró fi dákẹ́ ìfófòó.
Ó ní, “Ṣó o gbọ́ orúkọ ẹ̀? Dúró ló kọ́kọ́ pè.”

Wáyà náà wà lápò mi.
Mi ò tíì sọ fún ìyá mi.