Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ní Punta Arenas, atẹ́gùn kì í bẹ èèyàn.
Wọ́n ta okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú bó bá fẹ́ gbé e lọ.
Èmi Evaristo, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú kọ́kọ́rọ́
ilé ìgbìmọ̀ tó kọjú sí òkun.
Mo mọ ilẹ̀kùn tó máa ń ké,
mo mọ èyí tó ń purọ́ pé òun ti tì.

Atẹ́gùn ń bínú lóde, èmi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn,
nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé:
ìgbálẹ̀ mẹ́fà, korobá, òórùn oògùn ìfọlẹ̀,
àti àga onítìmùtìmù tí mo fi ń sá fún ọ̀gá mi lọ́sàn-án.

Maritza ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn náà.
Òun ló ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sílẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu wọn lọ.
Ọmọ rẹ̀ ò tíì ju oṣù mẹ́ta, ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lókè ìlú.
“Don Evaristo, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”
Mi ò bi í léèrè.
Mo rí iwájú bùláòsì rẹ̀, àmì méjì tó tutù,
tó ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀
kó má ta etí wéré.
Ṣùgbọ́n kìlómítà mẹ́fà ló wà láàárín wọn,
atẹ́gùn sì ti gbé ẹkún náà sọ sínú òkun.
Ta ló wá sọ fún ọyàn?

Mo dúró síta bí ẹ̀ṣọ́.
Ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ ń fà, ó ń mí,
bí àgùntàn tó darúgbó tó ń gun òkè.
Mo rántí ìyá mi.
Ilé tí wọ́n ti ń di ẹran sínú yìnyín fún ọkọ̀ òkun ló ti ṣiṣẹ́.
Láago mẹ́wàá, á jáde sẹ́yìn ilé,
á kọjú sógiri, á fún ọyàn rẹ̀ sílẹ̀,
funfun lórí funfun.
Ó fún un, kò rí ẹni fún.
Èmi ni mo ni wàrà yẹn.

Lóṣù kẹjọ, àbá òfin dé iwájú ìgbìmọ̀:
kí gbogbo ilé ìjọba ní yàrá ìfúnmọlọ́mú,
kó ní àga, omi ẹ̀rọ, iná, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì,
kó má sì jẹ́ ilé ìgbẹ́.
Don Mirko Zlatar dìde. “Owó dà?
Ṣé a ó tún kọ́ yàrá fún ẹni tó bá fẹ́ sín ni?”
Maritza tẹ ẹ̀rín wọn sílẹ̀ nínú àkámọ́.
Mo wà lórí àkàbà, mò ń pààrọ̀ gílóòbù,
mo rí i tí àmì méjì yẹn tún yọ.
Ó fa kóòtù rẹ̀ pọ̀. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.
Zlatar náà yíjú, ó rí i,
gbólóhùn tó kù há sí i lọ́fun,
ó jókòó.
Bóyá ìtìjú ni. Bóyá ebi.
Mọ́kànlá gbà, mẹ́ta kọ̀.

Wọ́n wo àwòrán ilé náà títí,
kò sáyè níbì kankan, àfi abẹ́ àtẹ̀gùn.
Wọ́n kó ìgbálẹ̀ mi jáde, wọ́n kun ògiri.
Àga tí òfin wí kò tíì ti Santiago dé,
ọ̀sẹ̀ keje nìyí.
Mo fọ tìmùtìmù tèmi lẹ́ẹ̀mejì,
mo kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì,
mo gbé e wọlé kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ìdúró ni mo ń tòògbé báyìí.
Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé yìí ṣì wà nídìí mi
àyàfi ẹyọ kan.
Inú ni wọ́n ti ń tì í.