Ìyá Afẹ́fẹ́ Lọ Síbi Iṣẹ́

Rédíò ti wí i láàárọ̀, mo ń po ògì lọ́wọ́:
ìjì líle ń bọ̀ lọ́sàn-án òní, kí oníkálùkù so ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀.
So ilé mọ́lẹ̀! Bí ẹni pé ewúrẹ́ ni.

Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Aké níbí.
Ìyá Fadékẹ́mi wà ní ọsibítù Ìdí-Abà, ó ń gbẹ̀bí,
ti Ṣẹ̀yẹfúnmi wà ní báǹkì Pánṣẹ́kẹ́, ó ń ka owó olówó,
ìyá àwọn ìbejì ń fọ́ òkúta lọ́nà Ọdẹ̀dá.
Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè ṣófo fún iṣẹ́.
Ọwọ́ tèmi ni kò gbọdọ̀ ṣófo.

Mo mọ ìjì. Ọdún kẹta rèé tó ṣí páànù yàrá ẹ̀yìn
bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, tó fẹ́ wo ohun tí à ń sè.
Orí àpáta la ti rí páànù náà, ó ká kò bíi háhá àgbàdo.
Ọmọ kankan ò fara pa.
Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fa àga lójijì, àyà mi a já.

Mo ránṣẹ́ pe Ṣótóńdé káfíńtà. Ó gun òkè,
ìṣó kún ẹnu rẹ̀, kò lè dá mi lóhùn,
ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ tán lójú rẹ̀.
Ó to táyà mẹ́rin sórí páànù, ó gba owó rẹ̀, ó sáré lọ wo ilé tirẹ̀.

Mo kó póò wọlé. Mo ká ìlédìí lórí okùn.
Omi kún kẹ́ẹ̀gì, tọ́ọ̀ṣì ti gba iná lóru.
Mo tẹ́ ẹní sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí fèrèsé ò sí,
lẹ́bàá ògiri amọ̀ tí bàbá bàbá ọkọ mi fẹsẹ̀ pò.
Páànù lè rìnrìn àjò. Ògiri yẹn ò mọ ọ̀nà ibì kankan.

Lẹ́yìn náà ni mo mú báírò,
mo kọ nọ́ńbà ìyá kọ̀ọ̀kan sí apá ọmọ rẹ̀.
Wọ́n rò pé eré ni. Fadékẹ́mi ní kí n ya ẹja sí tòun.
Mo yà á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹja náà rí bí abẹ́rẹ́.
Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń kọ nọ́ńbà sára ọmọ.

Agogo méjì, sánmà dúdú láti apá odò Ògùn,
adìẹ wọlé láìtọrọ àyè.
Mo kà wọ́n: mẹ́jọ.
Mo tún wọn kà: mẹ́jọ.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Ẹni tó wí i kò ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí lọ́jọ́ ìjì.

Ìgè ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn,
ó na kọ́ọ̀pù rẹ̀ síta, ó ń bu afẹ́fẹ́.
"Màmá, ṣé ìyá afẹ́fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni?
Ta ló wá ń tọ́jú ẹ̀?"

N ò rí èsì. Mo gbé e tòun ti kọ́ọ̀pù,
mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọmọ odó gbè é lẹ́yìn.
Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sórí páànù bí ẹ̀kùrọ́,
ìkejì, ìkẹta, mi ò lè kà á mọ́. Iná lọ.

Nínú òkùnkùn, orí ni mo ń fọwọ́ bà:
orí tó fárí, orí onísùkú, orí tó ń làágùn,
orí ìbejì tí wọ́n ti fara mọ́ra wọn bí ẹyọ kan ṣoṣo.
Táyà kan yí kúrò lókè, mo gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Afẹ́fẹ́ ń ti ilẹ̀kùn.
Bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo wí fún un nínú mi,
bí o bá máa wọlé, kí o jókòó jẹ́ẹ́.
Ògì ṣì kù nínú fúláàsì.