Kòtò Ẹ̀yìn Ilé 'Mamolibeli

Lengope là ń pè é níhìn-ín, ní Lẹ̀sótò.
Nígbà tí mo wọlé ọkọ, mo lè fò ó kọjá
pẹ̀lú garawa omi lórí.
Ní báyìí, àgùntàn tó bá já sí i,
igbe rẹ̀ nìkan ló ń padà wálé.

Ìyá ọkọ mi ní ipa màlúù ló fà á,
ipa kan ṣoṣo, tóóró bí ìgbànú,
níbi tí wọ́n ti ń wọ́ igi ìdáná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè
lọ́dún tí yìnyín pa ọkà bàbà.
Òjò rí i, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ti lànà fún mi."

Sekhonyana darandaran ní irọ́ ni,
ejò omi ló ń wá aya rẹ̀ kiri.
Ọ̀dọ́mọkùnrin onífìlà pupa tí wọ́n rán wá láti Masérù
na okùn ìwọnlẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sínú ìwé,
ó ní ẹran wa ti pọ̀ jù.
Ẹran wa! Méje péré, ọ̀kan ń tiro.
A fún un ní tíì. Ó mu ún tán. Ó lọ.

Àgbàrá ò ní òun ò nílé wó,
onílé ni ò ní gbà fún un.
Onílé dà?
Tlelima ọkọ mi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Jóhánẹ́sìbọ̀ọ̀gù,
ó ń walẹ̀ onílẹ̀,
ilẹ̀ tirẹ̀ ń ṣàn lọ sódò Sẹ́ńkù
ní àwọ̀ tíì onímílíìkì.

Ní oṣù kejì, ó kan itẹ́ òkú.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ìṣẹ́tí kúbùsù
tó yọ lára ògiri kòtò.
Ìyá ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an.
Kò sunkún. Ó kàn bọ́ ṣáàlì rẹ̀,
ó fi di òkúta kan, ó gbé e.

Ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé.
Moliehi gbé tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ gbé èyí tó tó ẹyin.
Òkè la ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, kì í ṣe ìsàlẹ̀
níbi tí ìjọba to tiwọn sí
tí omi fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó ń rẹ́rìn-ín.
A gbin ewéko ẹlẹ́gùn-ún sáàárín.
A yí ipa màlúù padà. Sekhonyana bínú fọ́jọ́ mẹ́ta;
lọ́jọ́ kẹrin, ó yí òkúta tó ju ti gbogbo wa lọ wá,
ó ní kí ejò náà má baà rọ́nà jáde.

Òjò rọ̀ lánàá.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wò ó lóru.
Ìlà kẹta ti ṣí. Ìlà kejì dúró.
Lẹ́yìn rẹ̀, erùpẹ̀ tuntun jókòó,
dúdú, ó rọ̀. Láti oko ta ni?
Mo bù ú, mo gbóòórùn rẹ̀.

N kò tíì kọ̀wé sí Tlelima.
Kí ni kí n sọ? Pé ilẹ̀ wa ti lé sí i,
ẹ̀kúnwọ́ kan?