Àbẹ́là Inú Ìgò

Ọkọ̀ tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ bọ̀
há sórí òkè Dolon, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀.
Ọjọ́ kejìlá rèé ní Naryn tí sílíńdà tiwa ti gbẹ,
bí a bá kàn án, a máa dún gbọngan bí agolo òfìfo.
Ẹ̀jẹ̀ Beyshe darandaran sì wà nínú ìgò kékeré,
ó ń retí wa.

Beyshe tí ibà ń mú lálẹ́ tí ń fi í sílẹ̀ lówùúrọ̀,
tí òógùn rẹ̀ ń rùn bí koríko tó rà,
tí àwọn àna rẹ̀ ń pè ní ọ̀lẹ:
“Ọkùnrin tó bá lè jẹun, ó lè gun ẹṣin.”
Wọn ò mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ń jó bí ẹyinná.
Wọn ò rántí màlúù tí oyún bàjẹ́ mọ́ nínú nígbà òtútù,
ọwọ́ Beyshe tó wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá
láìsí ìbọ̀wọ́.

A ti kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ náà sórí àwo kan,
a gbé e sínú àpótí olóoru, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta fẹ́ sí i fàlàlà.
Ọjọ́ kẹwàá pé, àwo náà ń dán bí orí apárí.
Dókítà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan.
Mo ti mú kálàmù.
Zuura, ọ̀gá mi, gbá mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Ta ló ń pe àlejò tí kò tẹ́ ẹní?
Inú ènìyàn ni kòkòrò yìí ti ń bọ̀,
níbi tí èémí tí a ti lò tán kún dẹ́nu.
Ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń tú dànù
ni òun fi ń mọ ara rẹ̀.
Àkẹ́bàjẹ́ ni. Gbé e sí afẹ́fẹ́ tó mọ́ tónítóní,
á jókòó, á káwọ́ lérí, kò ní bímọ.”

Ó gbé ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan jáde,
èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń tọ́jú kábéèjì oníyọ̀,
ó to àwo tuntun mẹ́ta sínú rẹ̀,
ó gbé kùkùté àbẹ́là funfun lé wọn lórí,
ó ṣáná, ó dé e, ó fi gírísì dí etí ìdérí.

A dúró, a ń wò ó.
Iná náà ga lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni tí a fún nílé tuntun.
Lẹ́yìn náà ó tẹ́ẹ́rẹ́,
ó pọ́n, ó rẹlẹ̀,
ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì,
ó kú.
Èéfín rẹ̀ gùn dé ìdérí, ó yí padà, ó ń wá ọ̀nà.

Mo ní, “Afẹ́fẹ́ ti tán níbẹ̀.”
Zuura rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìbòmú.
“Kò tán. Àbẹ́là ló sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn.”

Ọjọ́ karùn-ún, a ṣí i nínú àpótí onígíláàsì.
Wọ́n ti jókòó síbẹ̀,
kín-ín-kín-ín, roboto, bí ìrì tí a fi oyin pa láró,
wọ́n ń dán, wọn ò tijú.
Mo ka mọ́kànlélógójì, ó dà rú mọ́ mi lójú, mo tún un kà.
Ẹwà wọn bí mi nínú.

Zuura bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan ìbàdí ara rẹ̀:
“Wọ́n gbé lọ́dọ̀ mi fún ọdún méjì,
nígbà tí mo ń fún àbíkẹ́yìn mi lọ́mú.
Mò ń dà á nù, wọ́n ń ṣà á jọ.
Mo rò pé ara mi ló ń bá mi ṣọ̀tá.”

Ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò ẹ̀fọ́ ń gbé.
Ta ni yóò wá sọ fún Beyshe pé kó má mí mọ́?

Mo kọ orúkọ àrùn náà,
mo kọ oògùn méjì sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,
mo jáde. Òtútù gé mi nímú bí abẹ.
Èémí mi ń jáde ní funfun, ó ń lọ,
mo dúró díẹ̀, mò ń wò ó,
bí ẹni tí oúnjẹ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀
tí kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì.