Igbá Omi Kan fún Kòtò Túngà

Bí ọyẹ́ bá ti mu odò Bẹ́núé dé ìdajì,
tí iyanrìn yọ egungun ìhà bí màlúù tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀,
ibì kan wà ní Túngà tí omi kì í fi sílẹ̀:
kòtò róbótó, ó jìn, ó dúdú,
kì í ṣe ọwọ́ ará ìlú ló gbẹ́ ẹ.
Àwọn Háúsá apẹja ń pè é ní Ramin Bam.
Àwọn Tífì kò pè é ní nǹkan kan,
àgbọ̀n ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún ogun.
Àjàdí bàbá mi, ará Ọ̀fà, ń tún irin rélùwéè ṣe lórí afárá.
Òun ló sọ fún wa pé afárá ni wọ́n ń wá.
"Bí ẹ bá gbọ́ ìró tó dà bí oyin nínú agolo,
ẹ dojú bolẹ̀, ẹ má wòkè."
Mo wòkè.
Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó rẹwà,
kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.
Ó já ọmọ méjì sílẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀.
Àkọ́kọ́ bọ́ sínú oko iṣu, kò wí nǹkan kan.
Èkejì kò rí afárá.
Ọkọ̀ Iorkyaa ló rí, láàárín odò:
èrò mọ́kànlá, ewúrẹ́ mẹ́ta, àpò iyọ̀ kan,
àti Mbanan, ìyàwó ọ̀ṣìngín, tó ń lọ wo ìyá rẹ̀.

Odò dìde dúró bí ènìyàn.
Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Kí n sọ èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ẹja léfòó.
Àrọ̀, ẹpìyà, gbogbo wọn dákùn délẹ̀, ojú omi funfun,
ebi sì ti ń pa ìlú
láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin kò ti kó ẹrù wá mọ́.
Àwa ọmọdé gbé bàsíà.
Ìyá mi gba tèmi, ó dà á nù sẹ́yìnkùlé, ó bú sẹ́kún.
Ṣùgbọ́n ilé kejì ń dín tiwọn.
Wọ́n fún mi ní orí kan, pẹ̀lú ata.
Mo jẹ ẹ́.
Ó dùn.

Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n rí gbé jáde nínú mọ́kànlá.

Nísinsìnyí, lóṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó dé,
Sárìkin Ruwa á ní kí tọmọdé tàgbà gbé igbá.
Kì í ṣe sàráà, kì í ṣe ìsìn;
fádà wà níbẹ̀, lèmọ́mù wà níbẹ̀, àwọn náà gbé igbá.
Wọ́n á bu omi lára odò tó ti fà sẹ́yìn,
wọ́n á fẹsẹ̀ òfìfo rin iyanrìn gbígbóná,
wọ́n á dà á sí kòtò
kó má baà gbẹ.
Àwọn mẹ́ta ṣì wà nísàlẹ̀.
Ẹni tó sùn sínú omi
kò gbọdọ̀ jí sórí iyanrìn.
Òfin kan péré ló wà: a kì í jẹ ẹja ibẹ̀.
Àrọ̀ ibẹ̀ ti tóbi ju ìtàn lọ,
wọ́n á yọjú pẹ̀lú irùngbọ̀n àgbà,
wọ́n á wò ọ́,
wọ́n á padà.

Lọ́dún yìí mo wọkọ̀ láti Ọ̀fà, orúnkún ń ro mí.
Igbá ti tán; ike ọ̀dà ni wọ́n fún mi.
Obìnrin kan, Kwaghdoo, ọmọ àbúrò Mbanan,
bi mí ní èdè Háúsá, tí àwa méjèèjì ń sọ bí àlejò:
"Ta ni tìrẹ níbẹ̀?"
Mo wá orúkọ, n kò rí.
Mo ní, "N kò ní ẹnìkankan. Ẹja ni mo jẹ."

Kò dáhùn. Ó bẹjú wo inú ike mi.
"Kò kún," ló wí.
"Padà lọ bù ú."