Íǹṣì Méjì

Téèpù àlejò já lẹ́yìn tó wọn ọmọ kan ṣoṣo.
Ẹ̀gbẹ́ Rowe Park ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Yábà;
èmi ni mò ń rán ṣòkòtò péńpé
fún àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n.
Wọ́n sáré wọlé: "Bàbá Télọ̀, ẹ yá wa ní téèpù."
Mo yọ ọ́ lọ́rùn, mo fún wọn.

Ẹ gbọ́ o, téèpù mi kò lórí.
Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àlùmọ́gàjí Ràfíù
ti gé íǹṣì àkọ́kọ́ rẹ̀ dànù.
Èmi a máa yọ ọ̀kan kúrò;
ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n bí ahọ́n ṣe mọ àyè eyín tó ká.
Àlejò ò mọ̀.
Ọgọ́ta íǹṣì ò sì tó ọmọ gíga:
wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri,
wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tó gé.
Íǹṣì méjì ni mo fi ta ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ.
Mo fẹ́ sọ ọ́. Oníbàárà dé,
mo lọ wo ọrùn bùbá rẹ̀.

Àlejò ń kọ̀wé.
Bó ṣe ga tó, bí apá rẹ̀ ṣe nà tó,
ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn nígbà tó fò.
Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìràwọ̀ sí orúkọ wọn,
bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀:
mẹ́rin fún Fárombí, mẹ́ta fún ọmọ Òkúbánjọ.
Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba,
wọn ò ní ká fún àtàǹpàkò ní ìràwọ̀ mẹ́rin
ká fún ọmọńdinrín ní méjì.

Sẹ̀wànú ará Mákòkó,
òun ni téèpù àlejò wọ̀n kó tó já.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, íǹṣì márùn-ún,
òótọ́ pọ́ńbélé, láìsí èènì.
Ìràwọ̀ méjì.
Ọmọ tó kọ́ ìdúró nínú ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀,
tó ń wo ọ̀tún tí bọ́ọ̀lù ń lọ sósì,
tí yóò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́
kí ọ̀rẹ́ tó mọ̀ pé òun ń retí rẹ̀.
Kò sí ìlà tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí.

Mọ́rọ́láyọ̀ ọmọ mi ló ka ìròyìn fún mi nínú fóònù:
yunifásítì tó mú Fárombí mú ọmọ mẹ́fà lọ́dún yìí,
wọ́n sì to àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ipò kọkànlá.
Mo ní, báwo ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀?
Ó ní ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà ní odindi;
wọ́n á bu díẹ̀ kúrò lára ìkejì,
wọ́n á bù sí i lára ìkẹta,
tó bá fi máa kan ìkẹfà, èérún ló kù.
Mo ní, ìkẹfà ò ní gbá bọ́ọ̀lù ni?
Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò tíì sẹ́ni tó gbá a nínú wọn.
Wọn ò tíì dé ibẹ̀."

Ipò kọkànlá!
Àwọn tó wà ní ipò kejìlá ń jẹ èékánná,
wọn ò mọ̀ pé àlùmọ́gàjí Ràfíù ló já wọn sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Sẹ̀wànú tẹ̀ba wọ ṣọ́ọ̀bù.
Wọ́n ti gbà á ṣíṣẹ́ ní Àpápá,
wọ́n ní kó lọ dá yúnífọ́ọ̀mù.
Mo wọn ìbàdí, mo wọn ẹsẹ̀,
ọwọ́ mi ò dúró:
mo gun àpótí, mo wọ̀n ọ́n dé àtàrí.
Mo yọ ọ̀kan. Mo yọ èkejì.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, íǹṣì méje.
Ó ti ga sí i, àlejò sì ti lọ láti oṣù kẹta.

"Bàbá, kí lẹ wọ̀n yẹn fún?"
Mi ò fèsì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè,
lábẹ́ bọ́tìnnì méjìlá.
Nígbà tí mo ń rán ṣòkòtò náà,
mo ká íǹṣì méjì pamọ́ sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀,
tó bá tún ga, ká tú u.